"Dede Wa" Tí Mo Ní Kó Yọ

Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2024 ni ọ̀rọ̀ méjì kan ti ń jà mí lọ́kàn: "dede wa." Mo lè máa gbálẹ̀ lówùúrọ̀ kí n gbọ́ ọ. Mo lè dúró níwájú kíláàsì, kí n máa kọ àkọlé sójú pátákó, kó tún yọ sí mi. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó ta kókó. Ọmọ Ìjẹ̀bú tó bá ti lè ké pe ìyá rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ohun tí ìwé ń pè ní "gbogbo wa" ni àwa ń pè ní "dede wa." Èyí tó ń dùn mí ni pé èmi ni mo ní kí ọmọkùnrin kan yọ ọ́ kúrò nínú orin rẹ̀.

Àwọn àwo orin hip hop tí mo fẹ́ràn jù lọ́dún 2024 ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn. Mẹ́ta ni wọ́n, orin abẹ́lẹ̀ Amẹ́ríkà sì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ ò ní gbọ́ wọn nínú dánfó, ẹ ò sì ní gbọ́ wọn níbi ìnáwó. Ṣùgbọ́n n kò lè sọ tiwọn kí n fo ti ọmọ yìí dá, nítorí àwọn ni wọ́n jẹ́ kí n rí ohun tí mo ṣe.

Orin tó wá bá mi

Iṣẹ́ olùkọ́ Yorùbá ni mo ń ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọmọ náà ti jáde ní kíláàsì mi láti bí ọdún mẹ́rin. Télọ̀ ni báyìí, ìsọ̀ ọ̀gá rẹ̀ wà lápá Òkè-Ajé, bí Ojúde Ọba bá sì ti ń sún mọ́lé, oorun rẹ̀ tán nìyẹn, nítorí aṣọ àwọn regbéregbé. Ó mọ̀ pé mo fẹ́ràn ràpù. Nígbà tó wà ní SS2, mo fi ẹsẹ ràpù kan ṣàlàyé ìfọ̀rọ̀dárà fún wọn, láti ìgbà náà ló ti ń fi orin ránṣẹ́ sí mi.

Ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kẹsàn-án yẹn, ó fi èyí tó kọ fúnra rẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ìlù inú rẹ̀ kò pọ̀: agogo kan, báàsì kan, àti ìró ẹ̀rọ ìránṣọ tó ń lọ lábẹ́ wọn. Ọ̀rọ̀ ilé ẹbí wọn ló ń sọ, ilé bàbá bàbá rẹ̀ tí àwọn kan nínú ẹbí fẹ́ tà. Ó ń ka yàrá inú ilé náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tó ń gbé ibẹ̀, ẹni tó kú síbẹ̀, ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀. Bó bá parí yàrá kan, á ní "dede wa," á dákẹ́ díẹ̀, á bọ́ sí yàrá kejì. Ìjẹ̀bú pọ́ńbélé ló fi sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. "Ulé" ló pè é, kò pè é ní "ilé." "Uṣẹ́" ló ní, kò ní "iṣẹ́."

Orin náà wọ̀ mí lára. Ṣùgbọ́n kí n tó sọ bẹ́ẹ̀ fún un, iṣẹ́ tíṣà ti gba ẹnu mi. Mo pè é lórí fóònù. Mo ní orin náà dára, àmọ́ ta ló máa gbọ́ ọ ní Èkó? Ta ló máa gbọ́ ọ ní Ìbàdàn, ká má tíì dé Ìlọrin? Mo ní kó fi Yorùbá àjùmọ̀lò kọ ọ́. Kó sọ "ulé" di "ilé," kó sọ "dede wa" di "gbogbo wa," kí orin náà lè rìn jìnnà.

Ó ní, "Ó dáa, mà. Ẹ ṣé, mà."

Kò bá mi jiyàn. Ká ní ó bá mi jiyàn ni, bóyá ọ̀rọ̀ náà ò bá má tẹ̀ lé mi délé. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Abẹ́lẹ̀ tiwa, abẹ́lẹ̀ tiwọn

Ọkàn burúkú kọ́ ló mú mi sọ bẹ́ẹ̀. Bí a ṣe mọ̀ ọ́n ni. Lọ́dọ̀ wa níbí, bí wọ́n bá ní olórin kan wà lábẹ́lẹ̀, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé orúkọ rẹ̀ kò tíì jáde. Gáréèjì ni abẹ́lẹ̀ wa. Èèyàn ń dúró síbẹ̀ de mọ́tò Èkó ni. Gbogbo ìmọ̀ràn tí àgbà bá fún ẹni tó dúró síbẹ̀, bó ṣe máa tètè kúrò níbẹ̀ ni. Ó ṣáà fẹ́ jẹun. Láti ìgbà tí Dagrin ti gbé *C.E.O.* jáde lọ́dún 2009, n kò tún gbọ́ ẹni tó ń jiyàn pé Yorùbá kò ṣeé fi ṣe ràpù. Ṣùgbọ́n Yorùbá ìgboro Èkó ni, òun náà sì ni mo ń gbọ́ jù lẹ́nu àwọn tó tẹ̀ lé e.

Àwọn ará Amẹ́ríkà tí mo fẹ́ sọ yìí ò fi abẹ́lẹ̀ ṣe gáréèjì. Wọ́n kọ́ ilé síbẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń hu ewú. Iye ọdún tí mo fi ń gbọ́ wọn, ojú mi ò tó ìyàtọ̀ yìí. Mo rò pé àwọn náà ń dúró de mọ́tò ni, tí mọ́tò ò kàn dé.

Panápaná Brownsville

Ka ni orúkọ tó ń jẹ́ nídìí orin. Brownsville ní Brooklyn, nílùú New York, ló ti wá, ọdún 1972 ni wọ́n bí i. Ní àwọn ọdún 1990, ó wà nínú ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Natural Elements, kò bọ́ sí i fún un, ó fi orin sílẹ̀. Ó wọ iṣẹ́ panápaná, ó ṣe é fún nǹkan bí ogún ọdún, ó di káputéènì níbẹ̀. Nígbà tó sì padà sídìí ràpù, kò fi iṣẹ́ sílẹ̀. *Iron Works*, àwo àkọ́kọ́ tó dá ṣe, jáde lọ́dún 2008, nígbà tó ti kọjá ọmọ ọdún márùndínlógójì, ọjọ́ orí tí àwọn ọmọ wa máa ń sọ pé ràpù ti kọjá lórí èèyàn. Òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣe púpọ̀ nínú ìlù rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń tà á. Bí àwo tuntun bá dé, á gbé e lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, á dúró síbẹ̀, á máa fi lé àwọn tó wá rà á lọ́wọ́, á sì máa bọ̀ wọ́n lọ́wọ́.

*The Thief Next to Jesus* jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2024. Olè ẹ̀gbẹ́ Jésù. Ẹni tó bá ti ka Ìyìn Rere Lúùkù mọ ẹni tó ní lọ́kàn: àwọn méjì tí wọ́n kàn mọ́ àgbélébùú pẹ̀lú Jésù, tí ọ̀kan bú u, tí èkejì bẹ̀ ẹ́ pé kó rántí òun. Orin ìjọ àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ni Ka gé wẹ́wẹ́, tó fi ṣe ìdí orin. Orí rẹ̀ ló dúró sí tó ń bi ìgbàgbọ́ náà léèrè: ṣebí ìwé tó tu àwọn ìyá wa nínú yìí náà ni àwọn tó dè wọ́n ń kà fún wọn? Inú kwáyà ni mo dàgbà sí. Ó di ẹ̀ẹ̀mejì tí mo dá orin náà dúró kí n tó lè gbọ́ ọ tán. Kò bú ẹnikẹ́ni o. Ó kàn ń béèrè, ohùn rẹ̀ kò sì gòkè.

Bó ṣe máa ń ṣe é nìyẹn. Ìlù fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí níbẹ̀. Ohùn rẹ̀ dà bíi ti ẹni tó jókòó ti aláìsàn lóru. Gbólóhùn rẹ̀ kì í gùn, ìdajì ohun tó ní lọ́kàn ló sì máa ń sọ. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fọ́mọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀, á di odindi. Ó pẹ́ tí mo ti ń fi òwe yìí ṣèdánwò fún àwọn ọmọ, n kò tíì gbọ́ orin tó ṣe bí òwe náà ṣe wí tó èyí. Ibi tó kù sí ni pé, bí ẹ bá ń gbọ́ ọ nígbà tí ẹ ń ṣiṣẹ́ mìíràn, ẹ lè rò pé orin kan ṣoṣo ló ń lọ láti òkè délẹ̀. Ẹ jókòó tì í ni.

Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹwàá, kò tíì tó oṣù méjì tí àwo náà jáde, Ka kú. Ọmọ ọdún 52 ni.

Iwájú ilé Dàádì

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Kérésìmesì, mo lọ kí ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Mo wọ mọ́tò ní Òde, a gba Òrù kọjá, ọyẹ́ ti bo ojú ọ̀nà. Dàádì ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́, wọ́n ṣiṣẹ́ ní Phonodisk, ilé iṣẹ́ tí Alhaji Haruna Ìṣọ̀lá gbé kalẹ̀ nílùú náà lọ́dún 1979, níbi tí wọ́n ti ń gba orin sílẹ̀, tí wọ́n sì ti ń tẹ rẹ́kọ́ọ̀dù. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń gbé Èkó, ẹ rò ó wò: ìgbà kan wà tó jẹ́ pé Ìjẹ̀bú-Igbó ni olórin máa ń gbé orin rẹ̀ lọ kó tó di àwo.

Iná ò sí. Dàádì jókòó sórí àga onígi níwájú ilé, mo jókòó sórí àpótí lẹ́sẹ̀ wọn. Mo gbé fóònù mi sójú fèrèsé, orin Ka ń lọ jẹ́jẹ́. Mo rò pé oorun ti gbé wọn lọ. Wọ́n kàn ṣàdédé nawọ́ sí mi ni.

"Gbé e wá."

Mo gbé e fún wọn. Wọn ò gbá fóònù náà mú bí àwa ṣe máa ń gbá a mú. Ìka wọn ò kan ojú rẹ̀ rárá. Àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi há a létí, ọ̀tún níhìn-ín, òsì lọ́hùn-ún, wọ́n sì gbé e ró pẹrẹsẹ bí ẹni gbé àwo ọbẹ̀ tó kún dẹ́nu. Mo wò wọ́n títí kó tó yé mi. Bí wọ́n ṣe ń gbé rẹ́kọ́ọ̀dù nìyẹn. Bí rẹ́kọ́ọ̀dù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lẹ́nu ẹ̀rọ, ó ṣì máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹni tó bá sì fi ìka kan ojú rẹ̀ ti bà á jẹ́. Ó ti lé lógójì ọdún tí ọwọ́ wọn ti kọ́ ọ.

Wọ́n gbọ́ orin náà tán. Wọ́n ní, "Ta lọkùnrin yìí ń bá sọ̀rọ̀?"

Mo ní, "Ẹnikẹ́ni tó bá ṣáà ti gbọ́ ọ ni, Dàádì."

"Rárá o." Wọ́n mi orí. "Ẹni tó bá ń bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ariwo ló máa ń pa. Eléyìí mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Ẹni ọ̀hún ò sì jìnnà sí i."

Òyìnbó tí Ka ń sọ ò yé wọn, wọ́n sì sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n bi mí pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe. Mo ní panápaná ni, ó ti kú ní oṣù kẹwàá. Wọ́n ní kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti Haruna, bí ẹni pé ọ̀kan náà ni ọ̀rọ̀ méjèèjì.

Àwo tí Haruna kọ́kọ́ ṣe, lọ́dún 1948, ti olóògbé Ọba Adébóyè ni, Orímolúṣì Ìjẹ̀bú-Igbó. Wọn ò tíì bí Dàádì nígbà náà, àmọ́ kò sẹ́ni tó dàgbà nílùú yẹn tí kò gbọ́ ìtàn rẹ̀. Àwo náà ò tà. Ta ló fẹ́ rà á lókèèrè? Ọba ìlú kan tó ti wàjà, tí ọmọ ìlú náà ń kọrin sìn, ọ̀rọ̀ ilé ni. Haruna kò tìtorí ẹ̀ wá ọba tó lókìkí jù ú lọ kọrin fún. Ó ń lọ láti ìnáwó dé ìnáwó, pẹ̀lú ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, agídìgbo, àkúbà àti gángan rẹ̀, ó ń dárúkọ àwọn tó wà níjókòó, orúkọ bàbá wọn, orúkọ àdúgbò wọn. Nígbà tó yá, ó padà kọ orin ọba yẹn náà sórí àwo lẹ́ẹ̀kejì, lọ́dún 1955.

Dàádì ní, "*Oroki Social Club* ńkọ́? Ta ló kọ ọ́ fún?"

Mo mọ ìdáhùn rẹ̀, àmọ́ n kò tíì rò ó débẹ̀ rí. Ẹgbẹ́ afẹ́ kan ní Òṣogbo ló kọ ọ́ fún, lọ́dún 1971. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà ló ń bá sọ̀rọ̀, àwọn nìkan. Òun náà sì ni àwo tó tà jù fún un, tí a ń gbọ́ títí dòní nílé ẹni tí kò mọ ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn.

Mo jókòó síbẹ̀, ojú ń tì mí. Mo ti sọ fún ọmọ tó ń bá ẹbí rẹ̀ sọ̀rọ̀ pé kó fi wọ́n sílẹ̀, kó lọ máa bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Mo ní kó lọ máa pariwo.

Ẹni tí kò túmọ̀

Nígbà tí mo padà sí Òde, àwo kejì ni mo tún gbé sí i: *#RICHAXXHAITIAN* ti Mach-Hommy, tó jáde ní oṣù karùn-ún. Ọmọ ìran Háítì láti Newark ní New Jersey ni. Kò sẹ́ni tó ń rí ojú rẹ̀, àsíá Háítì ló fi máa ń bò ó. Bó bá ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe ràpù lọ, ẹ óò kàn gbọ́ tó bọ́ sínú Kreyòl, èdè tí wọ́n ń sọ ní Háítì, láìdágbére, láìtúmọ̀, á ṣe é títí á fi tẹ́ ẹ lọ́rùn, á tún padà. Èmi ò gbọ́ Kreyòl. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ àwo náà, mo máa ń fo àwọn ibẹ̀ yẹn ni.

Lẹ́yìn ìbéèrè Dàádì, n kò fò wọ́n mọ́. Mo jókòó tì wọ́n bí ìgbà tí èèyàn jókòó nílé ẹlòmíràn tí bàbá ilé ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Èmi kọ́ ló ń bá wí, kò sì lé mi síta. Ohùn rẹ̀ máa ń yí padà níbẹ̀, ó máa ń rọ̀, á sì yára díẹ̀. Ibi tó dùn jù nínú àwo náà nìyẹn, ibi tí mo ti ń sá fún tẹ́lẹ̀.

Ẹ má gbàgbé bí Kreyòl ṣe jìyà tó. Àwọn ẹrú Háítì gba òmìnira lọ́wọ́ Faransé lọ́jọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 1804, síbẹ̀ èdè Faransé ni ìjọba ń lò níbẹ̀ títí, bẹ́ẹ̀ Kreyòl ni ará ìlú ń sọ sílé. Ọdún 1987 ni òfin ilẹ̀ wọn tó sọ òun náà di èdè ìjọba. Èdè àwọn tí wọ́n kó láti ọ̀dọ̀ wa níbí wà nínú ẹran ara rẹ̀. Ogou tí wọ́n ń bọ lọ́hùn-ún, Ògún wa náà ni. Ẹni tó bá mọ èyí á mọ̀ pé kò sí eré níbẹ̀ bí olórin bá kọ̀ láti túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Mach-Hommy kì í tilẹ̀ fẹ́ kí wọ́n to ọ̀rọ̀ orin rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èyí kọ́kọ́ bí mi nínú, nítorí tíṣà ni mí, ohun tí mo bá gbọ́, mo fẹ́ rí i lákọsílẹ̀. Mo ti wá gbà bẹ́ẹ̀. Bí òwe bí òwe là ń lùlù ògìdìgbó, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Èyí tí n kò fara mọ́ ni iye tó máa ń dá lé orin rẹ̀. Lọ́dún 2016, dọ́là 300 ló ta àwo kan. Mo mọ ohun tó ń sọ, pé iṣẹ́ ọwọ́ ẹni ní iye, pé ẹ̀rọ ayélujára ti sọ orin di omi òjò. Ṣùgbọ́n ọmọ Háítì tó ń ta ọsàn ní Port-au-Prince, tí wọ́n ń fi èdè rẹ̀ kọrin, ìgbà wo ló máa rí dọ́là 300?

Mo wo ara mi pẹ̀lú. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ni mo ń fi báírò pupa fa ìlà sábẹ́ "ulé" nínú ìwé àwọn ọmọ. Mo gbọ́dọ̀ ṣe é. WAEC kò gbà á. Yorùbá tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi tú Bíbélì, tí wọ́n parí lọ́dún 1884, ẹ̀ka Ọ̀yọ́ ló sún mọ́ jù, òun ló di ti ìwé, òun ni èmi náà fi ń kọ èyí tí ẹ̀ ń kà. N kò ní ìjà pẹ̀lú rẹ̀. Òun ló jẹ́ kí ará Ìjẹ̀bú àti ará Èkìtì lè ka ìwé kan náà. Ṣùgbọ́n ìwé ìdánwò kọ́ ni orin ọmọ yẹn. Kò fi lé mi lọ́wọ́ kí n máàkì í. Ó ní kí n gbọ́ ọ ni.

Ẹ tún fetí sí ìró rẹ̀. "Dede" fúyẹ́, orí eyín ni ahọ́n ti ń lù ú, lẹ́ẹ̀mejì, bí ọ̀pá ṣe ń kan agogo. Agogo ló sì wà nínú ìlù ọmọ náà, ó ti ṣe é kí méjèèjì pàdé ni. "Gbogbo" wúwo, ètè ló ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Mo ní kó gbé agogo kúrò, kó gbé odó síbẹ̀.

Àwọn ìsọ̀ tó ti kógbá wọlé

N ò ní pẹ́ lórí àwo kẹta. Àwọn mẹ́ta ni wọ́n ṣe é, Open Mike Eagle, Video Dave àti STILL RIFT, wọ́n pe ara wọn ní Previous Industries, wọ́n sì pe àwo náà ní *Service Merchandise*. Oṣù kẹfà ló jáde. Orúkọ ilé ìtajà kan tó ti kógbá wọlé ní Amẹ́ríkà ni orúkọ àwo náà, orúkọ irú àwọn ilé ìtajà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì sọ púpọ̀ nínú àwọn orin inú rẹ̀. Chicago ni wọ́n ti mọ ara wọn. Àgbà ọkùnrin ni wọ́n, wọ́n ń ránnilétí ohun tí wọ́n ń rà nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, wọ́n ń sọ̀rọ̀ gbèsè àti ara tó ń dàgbà.

N kò wọ ọ̀kan nínú àwọn ìsọ̀ yẹn rí, n kò sì ní wọ̀ ọ́ láé. Ṣùgbọ́n ìyá mi ò yé sọ̀rọ̀ Kingsway tí wọ́n máa ń lọ nílùú Ìbàdàn, wọ́n mọ ibi tí bàtà wà, wọ́n mọ ibi tí bisikíìtì wà. Bí mo bá ń gbọ́ àwo yìí, ohùn ìyá mi ni mo ń gbọ́ lábẹ́ rẹ̀. Ká ní wọ́n sọ pé "ilé ìtajà àtijọ́ kan" kí gbogbo ayé lè gbọ́, n kì bá tí rántí nǹkan kan. Orúkọ tí n kò mọ̀ ló jẹ́ kí n rántí èyí tí mo mọ̀.

Fáìlì náà

Sátidé àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọdún tuntun, mo lọ sí Òkè-Ajé. Ọmọ náà ń gé aṣọ. Ọ̀gá rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ìyá kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń dúró kí wọ́n bá òun parí bùbá. Mo kí wọn. Mo sọ fún ọmọ náà pé mo wá tọrọ àforíjì, mo sì sọ ohun tí mo ṣe fún un bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí.

Kò mọ ibi tó máa gbójú sí. Ó ní, "Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, mà. Mo ti tún un kọ." Ó gbé èyí tuntun sí i fún mi. Kò sí àbùkù níbẹ̀. Gbogbo "ilé" wà níbi tí mo ní kó wà. "Gbogbo wa" náà wà níbẹ̀, kedere, àmọ́ agogo ti ṣáájú rẹ̀ lọ.

Mo bi í léèrè ti àkọ́kọ́. Ó ní fóònù òun ti kún, òun ti pa á rẹ́. Lórí kọ̀ǹpútà ẹni tó gbà á sílẹ̀ fún un náà ńkọ́? Ó ní wọ́n ti gba orin ẹlòmíràn lé e.

Mo yọ fóònù mi. Mo ń fi ìka ti ọ̀rọ̀ tí a ti bá ara wa sọ sókè, ó ń lọ, àwòrán aṣọ, àdúrà oṣù tuntun, àdúrà oṣù tuntun mìíràn, títí mo fi dé oṣù kẹsàn-án. Ó wà níbẹ̀. N kò pa á rẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́.

Ọmọ náà gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀. A kò sọ̀rọ̀. Yàrá àkọ́kọ́, dede wa. Yàrá kejì, dede wa. Nígbà tó kan yàrá tí ìyá bàbá rẹ̀ kú sí, ìyá orí bẹ́ǹṣì yẹn gbé ojú sókè. Orin tán.

Ìyá náà ní, "Ulé yẹn, ṣé wọ́n padà tà á?"

Ọmọ náà ní, "Rárá, mà. Dede wa la ṣì wà ńbẹ̀."